Agbárí Abẹ́ Ibùsùn Débọ̀

Ní ọjọ́ tí ìròyìn dé pé ọkọ̀ tí Débọ̀ wọ̀ ti dojú dé lọ́nà Zaria, ilé wọn ní Sabon Gari kún dé ẹnu ọ̀nà. Jùwọ́nlọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, dúró sí ẹnu géètì, ó ń kí àwọn tó ń wọlé. Ó sàn fún un kí ó máa kí ènìyàn ju kí ó jókòó ti ẹkún ìyá rẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni ó wà tí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, adàídàítà, fi já ọmọbìnrin kan sílẹ̀.

Ọmọbìnrin náà dúdú, ó tẹ́ẹ́rẹ́. Eruku ọyẹ́ ti sọ irun iwájú orí rẹ̀ di àwọ̀ eérú. Ó gbá páálí ọṣẹ kan mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

"Ẹ káàsán, sà. Mọ́yọ̀ọ̀lá ni mí. Èmi àti Débọ̀ la jọ wà ní kíláàsì. Ó ní kí n wá kí á jọ kàwé." Ó wo bàtà tó kún ẹnu ọ̀nà. "Ṣé ẹ ní àlejò ni?"

Jùwọ́nlọ sọ fún un pé Débọ̀ ti kú. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ irú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Omijé bọ́ lójú ọmọ náà, ṣùgbọ́n kò ju páálí rẹ̀ sílẹ̀. Ńṣe ni ó tún fà á mọ́ra sí i.

Ìgbà náà ni ìyá wọn jáde, tí àwọn obìnrin dì í mú lọ́tùn-ún lósì. "Kí ló wà nínú páálí yẹn? Ṣé ẹrù ọmọ mi ni?"

Mọ́yọ̀ọ̀lá kúnlẹ̀. Irọ́ kò wá sí i lẹ́nu. "Eegun ni, mà. Eegun ènìyàn. Èmi àti Débọ̀ la jọ ń lò ó. Apá òsì ló wà lọ́wọ́ mi. Apá ọ̀tún àti agbárí wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀."

Igbe tí ìyá náà ké, àwọn ará òdìkejì títì gbọ́ ọ. "Ìwọ lo gbé òkú wọ ilé mi! Ìwọ lo fọ̀nà han ikú! Má tún fẹsẹ̀ rẹ tẹ ilẹ̀ yìí mọ́!"

Bí Jùwọ́nlọ àti Mọ́yọ̀ọ̀lá ṣe kọ́kọ́ rí ara wọn nìyẹn.

Kò sí awo kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà máa ń pín eegun odidi ènìyàn kan láàárín ara wọn, ẹnì kan á mú apá ọ̀tún, ẹnì kejì á mú apá òsì, agbárí á sì máa ti ọ̀dọ̀ ọ̀kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ èkejì. Jùwọ́nlọ kò mọ ìyẹn, ṣùgbọ́n kò lè gbàgbé ọmọ tí kò parọ́. Kí ìyá rẹ̀ tó rí àyè da eegun náà sí ààtàn, ó ti gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ ní àdúgbò Noman's Land. Ó wá ránṣẹ́ sí Mọ́yọ̀ọ̀lá. Ìdánwò eegun ti sún mọ́lé, ẹni tó bá sì fìdí rẹmi, wọ́n lè lé e kúrò nílé ìwé.

"Máa wá kà á níbí," ni ó wí.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Lẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ, Jùwọ́nlọ á nawọ́ sí eegun, Mọ́yọ̀ọ̀lá á dárúkọ rẹ̀: ẹ̀bátí, ìpàkọ́, àgbọ̀n, ìhà, itan, ojúgun. Lákọ̀ọ́kọ́, rúlà ni Jùwọ́nlọ fi ń tọ́ka sí wọn. Nígbà tó yá, ó gbé agbárí náà sí ìmọ́lẹ̀, ó wo ilà wíwọ́ tó gba àárín àtàrí kọjá.

"Ta ló rán èyí? Bí mo bá rán bàbáńrígà báyìí, Alhájì á jù ú lù mí."

"Brọ̀dá Jùwọ́n, kò tíì tú láti ìgbà tí wọ́n ti rán an. Ta ni nínú àwọn kọ́sítọ́mà yín tó lè sọ bẹ́ẹ̀?"

"Kai! Ẹnu dókítà yìí mú!"

Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ó rántí pé òun kò tíì rẹ́rìn-ín láti ìgbà tí Débọ̀ ti lọ, ó sì dorí kodò.

"Débọ̀ náà máa ń rẹ́rìn-ín sí i," ni Mọ́yọ̀ọ̀lá wí jẹ́jẹ́. "Ó máa ń kí i kí á tó ṣí ìwé. 'Ẹ kú iṣẹ́, sà.' Ó ní tí a bá ṣe tán, a ò ní tà á fún àwọn àbúrò wa nílé ìwé. Ó ní ẹni yìí ti ṣiṣẹ́ tó, kí á sin ín kí ó sinmi."

Mọ́yọ̀ọ̀lá yege. Ní ọjọ́ tí ó mú èsì náà wá, Jùwọ́nlọ bọ́ téèpù ọrùn rẹ̀.

"Dókítà mi, mo fẹ́ rán aṣọ ìyàwó kan. N kò mọ ẹni tí n ó wọ̀n."

Mọ́yọ̀ọ̀lá dìde, ó kẹ́yìn sí i. "Láti eegun èjìká kan dé èkejì lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀," ni ó wí.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Jùwọ́nlọ délé tí ó sọ ọ́, ìyá rẹ̀ gbé ìkòkò ìrẹsì sílẹ̀ kúrò lórí iná. "Ọmọ eléegun yẹn? Bí o bá fẹ́ ẹ, má pè mí síbẹ̀."

Mọ́yọ̀ọ̀lá gbọ́, ó ká téèpù tó wà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó fi lé Jùwọ́nlọ lọ́wọ́. "Ẹ̀yin nìkan ló kù lọ́wọ́ wọn. Mi ò ní gbà yín mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí á kàn ṣe ohun tí Débọ̀ wí."

Bàbá Sàlámì, katikíìsì ìjọ wọn, fún wọn láyè ní ìtẹ́ òkú ìjọ, nítòsí ibi tí wọ́n sin Débọ̀ sí. Jùwọ́nlọ sọ ọjọ́ náà fún ìyá rẹ̀, nítorí kò fẹ́ fi í pamọ́.

Ìyá fa àpótí kan, ó jókòó. Òbí kì í dé ibojì ọmọ rẹ̀. Ní ọjọ́ tí wọ́n sin Débọ̀, inú yàrá ni àwọn obìnrin tì í mọ́; ìró ọkọ̀ tó gbé e lọ nìkan ni ó gbọ́.

"Ẹni tí ẹ fẹ́ sin yìí, ọmọ ta ni?" ni ìyá béèrè.

"Kò sẹ́ni tó mọ̀, Ìyá."

"A jẹ́ pé kò sẹ́ni tó máa ní kí n má wá."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ó dé ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú aṣọ funfun lábẹ́ apá. Mọ́yọ̀ọ̀lá kúnlẹ̀, kò lè gbójú sókè.

"Dìde. Fi àwùjẹ̀ ẹni yìí hàn mí."

Mọ́yọ̀ọ̀lá mú ìka ìyá náà, ó fi lé ibi tí àwọn ilà ti pàdé lókè orí. "Ibí ni, mà. Ó ti dí."

"Òrí ni mo máa ń fi pa ti Débọ̀ láràárọ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́." Ìka rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀. "Ẹnì kan ti fi òrí pa èyí náà." Ó nu ojú rẹ̀, ó tẹ́ aṣọ náà sílẹ̀. "Ìyàwó mi, bá mi fa etí aṣọ."

Jùwọ́nlọ gbọ́ ohun tí ó pè é, ó sì lọ di etí aṣọ kejì mú. Wọ́n to apá ọ̀tún ti apá òsì, wọ́n gbé orí sí ipò rẹ̀, wọ́n wé e.

Ní ìtẹ́ òkú, lẹ́yìn àdúrà Bàbá Sàlámì, ìyá náà kẹ́yìn sí ibojì Débọ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ó di ọwọ́ Mọ́yọ̀ọ̀lá mú, ó bẹ̀rẹ̀, ó bu ẹ̀kúnwọ́ yẹ̀pẹ̀ kan, ó sì rọra dà á sórí aṣọ funfun náà.