Àwọn Ọmọ Kòkó Tó Ń Mumi Lọ́wọ́ Mi

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo sọ èyí ṣáájú kí ẹ lè mọ irú ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, lójú mi, lójú ọkọ mi àti lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹni tó bá wù kó gbà á gbọ́. Ó ti rẹ̀ mí láti máa búra.

Lóṣù kìíní ọdún yìí ni èmi àti Frederick ọkọ mi gbin kòkó sínú ọ̀rá dúdú, ọgọ́fà ọ̀rá. Bàbá rẹ̀ fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún un ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. A fẹ́ kó wọn lọ síbẹ̀ bí òjò bá ti ń rọ̀ déédéé. Erùpẹ̀ tí a kó sínú ọ̀rá náà dúdú, ó sì rọ̀. Ìjẹ̀bú-Imusin la ti wà á, lẹ́yìn ilé ẹbí Frederick tó ti wó, ní ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ta ni kò mọ̀ pé erùpẹ̀ ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ dára? Ọwọ́ ara wa la fi wà á. A ò bi ẹnikẹ́ni.

Kí n má tàn yín, ọ̀rọ̀ náà ju kòkó lọ. Ọmọ kan ṣoṣo la bí, Ìtùnú. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí ibà pọ́njú mú un. Mo jókòó tì í fún ọjọ́ mẹ́fà. Ní ọjọ́ keje, oorun gbé mi lọ lórí àga. Kí n tó jí, ó ti lọ. Ọdún mọ́kànlá nìyẹn. Láti ìgbà náà, mi ò tọ́jú ohun ẹlẹ́mìí kankan mọ́. Adìyẹ pàápàá, mi ò sìn. Àwọn ọmọ kòkó yìí ni àkọ́kọ́. Mi ò fẹ́ kí nǹkan mìíràn kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ìyẹn nìkan ni mo ń fẹ́.

Wọ́n kọ́kọ́ hù dáadáa. Nígbà tó di oṣù kẹta, ewé wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ewé tuntun ló kọ́kọ́ ń pọ́n, láti etí wá sí àárín, títí yóò fi di àwọ̀ ìyeyè. Lẹ́yìn náà ni yóò rọ.

Mo pe Rodiat, aládùúgbò wa tó ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní yunifásítì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ ewé wò.

"Mọ́mì, omi ti pọ̀ jù."

Mo dín omi kù. Wọ́n pọ́n sí i.

"Mọ́mì, bóyá oòrùn ni."

A gé imọ̀ ọ̀pẹ, a fi ṣe ìbòòji fún wọn. Wọ́n tún pọ́n sí i. A bu fàtíláísà díẹ̀ sí wọn nídìí. Mẹ́wàá kú láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

"Mọ́mì, ìwé mi ti parí síbí o," ni Rodiat wí. Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rí i rín.

Ẹ̀yìn Frederick ń dùn ún, nítorí náà èmi nìkan ni mò ń fa omi láti inú kànga. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Ohun kan tún wà tí mi ò sọ fún Rodiat. Adìyẹ àwọn aládùúgbò, tó ti máa ń tan ilẹ̀ káàkiri ẹ̀yìnkùlé wa, kò dé abẹ́ ìbòòji yẹn mọ́. Aláǹgbá náà kò débẹ̀ mọ́. Lọ́sàn-án gangan, bí mo bá dúró síbẹ̀, èémí ara mi nìkan ni mò ń gbọ́.

Ní ìdájí ọjọ́ kan, ike tí mo fi ń bomi rin wọ́n là sí méjì. Ó rẹ̀ mí débi pé mi ò lè padà wọlé lọ mú òmíràn. Mo kúnlẹ̀, mo ń fi àtẹ́lẹwọ́ bu omi nínú garawa, mo ń dà á sí ìlà àkọ́kọ́. Ọ̀rá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Agbára mi kò gbé ju ìyẹn lọ. Mo lọ dùbúlẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn ti tutù yọ̀yọ̀. Ìyókù ṣì pọ́n.

Tíṣà ni mí, mo dán an wò. Ìlà kejì, mo fi ọwọ́ bu omi sí i. Ìlà kẹta, mo fi ife bù ú, láti inú garawa kan náà. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ìlà kejì ti tutù. Ìlà kẹta kò yí padà.

Mo pe Frederick jáde. "Bá mi fi ọwọ́ bomi sí èyí."

"Ọwọ́ kẹ̀? Nítorí kí ni?"

"Ṣáà bù ú."

Ó bu omi, ó dà á sínú ọ̀rá kan. Omi náà kò wọlẹ̀. Ó dúró lórí erùpẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n da omi sórí àwo. Èmi náà bu tèmi sínú ọ̀rá tó tẹ̀ lé e. Erùpẹ̀ fà á mu lójú ẹsẹ̀. Mo gbọ́ ọ nígbà tó ń mu ún. Ìró kékeré ni.

Frederick wo ọwọ́ rẹ̀ tó tutù. Ó wo ojú mi. Ó wọlé lọ, mo sì mọ ohun tó rántí. Nínú ọjọ́ mẹ́fà yẹn, Ìtùnú kọ ife, ó kọ ṣíbí, ó kọ omi lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì àti lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Inú àtẹ́lẹwọ́ mi nìkan ló ti ń mumi.

Báyìí ni mo ṣe di ẹrú wọn. Àádọ́fà ọ̀rá, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, lórí ìkúnlẹ̀. Orúnkún mi wú. Awọ ọwọ́ mi bó. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí mo fò ó, àwọ̀ ìyeyè ti padà sí etí ewé kí ilẹ̀ tó mọ́. Mi ò tún jẹ́ fò ó mọ́. Ẹ̀rù oorun ń bà mí.

Ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, ẹ̀gbọ́n Frederick wá kí wa láti Imusin, Bọ̀dá Adélékè. Ó bá mi lórí ìkúnlẹ̀.

"Ìyàwó wa! Kòkó lo ń bọ́ bí ọmọ jòjòló báyìí?" Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan erùpẹ̀. "Èyí mà dára o. Níbo lẹ ti rí i?"

"Lẹ́yìn ilé yín ni, Bọ̀dá mi. Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀."

Ẹ̀rín náà kú lẹ́nu rẹ̀. "Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wo?"

"Èyí tó wà lápá kànga àtijọ́."

Ó wá àga, kò rí. Ó jókòó sórí garawa òfìfo.

Níbi tiwa, òbí kì í sin ọmọ. Wọn kì í jẹ́ kó mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Bọ̀dá Adélékè ló gba Ìtùnú lọ́wọ́ mi ní ọjọ́ náà tó gbé e lọ, mi ò sì béèrè ibi tó gbé e lọ, nítorí a kì í béèrè. Wọ́n ní ọmọ kú yá ju ọmọ nù lọ. Èmi tí ọmọ mi kú, tí mi ò mọ ibi tó wà, èwo ni tèmi nínú méjèèjì?

"Bọ̀dá mi, ṣé ibẹ̀ ni?"

Ó ń gbọn erùpẹ̀ kúrò ní ìka rẹ̀.

"Mo ń bi yín, ẹ jọ̀ọ́."

"A kì í sọ ọ́ fún ìyá."

"Mo ti wà á ná."

"Mi ò sọ pé ibẹ̀ ni. Mi ò sì sọ pé ibẹ̀ kọ́."

Ó fi ọwọ́ bu omi, ó dà á sínú ọ̀rá tó wà níwájú rẹ̀. Èmi àti Frederick, tó ti jáde wá, ń wò ó. Omi náà dúró. Ó dúró títí Bọ̀dá Adélékè fi rí ojú ara rẹ̀ nínú omi náà. Nígbà náà ni ó dìde, ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ.

"Ìyá Ìtùnú," ni ó wí, "lọ sinmi."

Ọdún mọ́kànlá kò sí ẹni tó pè mí bẹ́ẹ̀. Kò dágbére fún Frederick tó fi jáde.

Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn mo kúnlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Mo bomi dé ìlà kẹrin, apá mi kọ̀. Mo sunkún. Mo sọ ọ́ jáde, kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀.

"Ìtùnú, ó ti rẹ̀ mí. Jẹ́ kí n sùn díẹ̀. Bí mo bá sùn, má lọ."

Mo wọlé. Mo sùn bí òkú.

Nígbà tí mo jí, oòrùn ti ga. Mo sáré jáde láìwọ bàtà. Gbogbo wọn tutù yọ̀yọ̀, ìlà kẹrin, ìlà kẹjọ, gbogbo wọn. Kò sí ewé kan tó pọ́n. Frederick ò fọwọ́ kàn wọ́n, ó búra fún mi. Ojú erùpẹ̀ gbẹ táútáú.

Mo kúnlẹ̀, mo bu omi sí àtẹ́lẹwọ́, mo dà á sínú ọ̀rá àkọ́kọ́. Kò wọlẹ̀. Mo lọ sí ìkejì. Kò wọlẹ̀. Mo dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn, títí dé ìgbẹ̀yìn. Kò sí èyí tó gbà á lọ́wọ́ mi.

Ó ti pé ọjọ́ mẹ́tàlélógún báyìí. Òjò kò rọ̀. Ẹnikẹ́ni kò bomi rin wọ́n, wọ́n sì ń ga sí i. Rodiat ń ya fọ́tò wọn. Frederick ní ọpẹ́ ló yẹ ká máa dá, orúnkún mi ti ń san. Òótọ́ ló sọ. Ohun tí mo bẹ̀bẹ̀ fún náà ni mo rí gbà, inú mi ò sì dùn.

Ní ìdájí òní mo tún lọ. Mo bu omi sí àtẹ́lẹwọ́, mo gbé e sí ẹnu ọ̀rá àkọ́kọ́, mo rọra dà á. Mo dúró tì í. Omi náà wà lórí erùpẹ̀ níbẹ̀ títí oòrùn fi fà á gbẹ.