Ọwọ́ Perpétua Nínú Ọbẹ̀

Ohun tó ń bí Deolinda nínú ni pé gbogbo àlejò tó bá ti béèrè ibi tí wọ́n ti ń jẹ oúnjẹ ilẹ̀ Portugal gidi ní Évora, ilé oúnjẹ Belmiro àbúrò rẹ̀ ni wọ́n ń júwe fún wọn. Belmiro tí kò mọ ẹyin sè! Láti ìgbà tí wọ́n ti sin Perpétua, ìyá wọn tó ni ilé oúnjẹ náà, Deolinda kò tíì fẹsẹ̀ kan ibẹ̀.

Bí wọ́n ṣe jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, aládùúgbò kan fà á lápá. "Deolinda, ọbẹ̀ àbúrò rẹ yẹn, àfi bíi pé ìyá yín ló sè é."

Ọ̀rọ̀ náà ta á lára. Ó gba ibẹ̀ lọ tààrà, ó jókòó, wọ́n gbé açorda síwájú rẹ̀: búrẹ́dì tó ti rọ sínú omi gbígbóná, ẹyin, òróró ólífì, ewé tútù tí wọ́n gún mọ́ aáyù. Ó bù ú sẹ́nu. Iyọ̀ rẹ̀ fi díẹ̀ pọ̀ jù, gẹ́lẹ́ bí Perpétua ṣe máa ń ṣe é tí wọ́n á sì máa bá a jà sí i.

Ó fìbínú dìde, ó kọjú sí kíṣìnì. Belmiro sáré wá dínà. Ó ti rù, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọbẹ̀," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, kí àwọn oníbàárà má baà gbọ́.

"Kúrò lọ́nà, aláìnítìjú! Ta lo fi pamọ́ síbẹ̀?"

Ó tì í dànù. Kíṣìnì tutù nini. Iná kankan ò jó, síbẹ̀ ìkòkò ń hó. Obìnrin kan kẹ́yìn sí i, ó ń gún aáyù. Aṣọ dúdú tí Deolinda fọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀ fún ìyá rẹ̀ nínú pósí ló wà lọ́rùn obìnrin náà.

"Màmá?"

Kò wẹ̀yìn.

"Belmiro, ìkà ni ẹ́! O sin wọ́n tán, o tún sọ wọ́n dẹrú!" Deolinda di ọmọ odó náà mú. "Màmá, ẹ fún mi. Ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ lọ sinmi."

Àwọn ìka tútù náà tú sílẹ̀. Obìnrin náà mí kanlẹ̀. "O pẹ́ kó o tó dé, ọmọ mi," ó wí, kò sì sí níbẹ̀ mọ́.

Deolinda gbé ọmọ odó sókè láti fi la orí Belmiro. Apá rẹ̀ kọ̀. Ọmọ odó náà fà á padà sínú odó, ó gún aáyù, ó tún gún un, ọwọ́ rẹ̀ ò sì tú kúrò lára rẹ̀ mọ́.

Belmiro ń sunkún. "Mo bẹ Màmá títí kí wọ́n gbé ọmọ odó náà fún mi. Wọ́n ní ẹ̀yin làwọn ń retí."

"Màá pa ẹ́! O gbọ́? Màá pa ẹ́!"

Ó pariwo débi tí ọ̀fun rẹ̀ fẹ́ẹ̀ ya. Nínú yàrá ìjẹun, ẹnì kankan ò yíjú, àfi bíi pé etí alààyè kankan ò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Belmiro nu ojú rẹ̀, ó bu ọbẹ̀ sí abọ́, ó sì gbé e jáde lọ fún àwọn àlejò.