Ìdọ̀bálẹ̀ Tó Di Oorun

"Ẹ jí i, kí ẹ máa mú un lọ! Mi ò ní ọmọ tí mo fẹ́ fún ẹni tó ń hanrun lórí kápẹ́ẹ̀tì mi!"

Ohùn bàbá Tẹjúmádé nìyẹn, ní Dadin Kowa nílùú Jos, lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ọlágòkè ayafọ́tò dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àna, kò dìde. Wọ́n kọ́kọ́ ń yìn ín pé ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ni. Àṣé oorun ti gbé e lọ. Fídíò orí fóònù ló wò mọ́jú, bó ti máa ń ṣe: ojú pọ́n bí ata, ọrùn gan, orí ń fọ́.

Ìfẹ́ rẹ̀ sì ti wọ Tẹjúmádé léegun. Ibùdókọ̀ Bukuru ni wọ́n ti pàdé, níbi tí Ọlágòkè ti tẹjú mọ́ fóònù tó fi forí sọ òpó. Tẹjúmádé rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ fi lọ láìgbé e.

"Olówó orí mi," ó wí fún un lẹ́yìn ìtìjú yẹn, "mi ò lè máa bá fóònù jowú. Àmọ́ tó bá pa ẹ́, ta ni màá fẹ́?"

Ọlágòkè gbé fóònù tọ ìyá Tẹjúmádé lọ. Wọ́n fàdéhùn sí i pé ìrọ̀lẹ́ ni yóò máa fi í sọ́dọ̀ wọn, àárọ̀ ni yóò máa wá gbà á. Ẹ wò ó bó ti ń rìn káàkiri yàrá bí adìyẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí! Tẹjúmádé wá ń bá a rìn nínú òtútù Jos, wọ́n á tàkúrọ̀sọ títí yóò fi máa yán. Oorun dé. Ọrùn rọ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kún.

Bàbá ò gbà. Ó ní ẹni tó sùn lẹ́ẹ̀kan á tún sùn. Màmá ló fi agídí ní kí àwọn ẹbí Ọlágòkè padà wá.

Ọlágòkè tún dọ̀bálẹ̀, ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Gbogbo ilé retí títí kí Bàbá ní kó dìde. Nígbà tí wọ́n wò ó dáadáa, Bàbá ti tẹrí ba, àtàǹpàkò rẹ̀ ń ti fídíò sókè lójú fóònù, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Màmá dìde, ó na ọwọ́ síwájú ọkọ rẹ̀.

"Haba, Bàbá Tẹjú. Àna yín ti jí tipẹ́, ẹ̀yin ló kù ká jí. Ẹ ní kó dìde, ẹ fún un lọ́mọ, kí ẹ sì gbé fóònù yẹn wá. Tó bá di àárọ̀, ẹ wá gbà á."