Ọ̀rọ̀ Tí Alárinà Fi Oyin Sí

Ẹfun ìkọ̀wé ti sọ irun Lábọ̀dé di ewú nírọ̀lẹ́ tí Agathe kọ́kọ́ rí i. Ìdí gàrí ni Agathe ti ń bọ̀ ní tirẹ̀, ìyẹ̀fun sì ti bò ó dé ìpéǹpéjú. Wọ́n wo ara wọn lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, ẹ̀rín sì pa wọ́n.

"Bàbá àgbà, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o."

"Ẹ wọlé, ìyá àgbà, kí ilẹ̀ tó ṣú."

Gẹ̀ẹ́sì ni Lábọ̀dé ń kọ́ àwọn àgbà Kétu tí òwò ń gbé lọ sí Nàìjíríà, Agathe sì wà lára wọn. Nígbà náà, ìjọba sósíálíìsì ló wà lóde, kámáráàdì ni gbogbo èèyàn ń pe ara wọn, ṣùgbọ́n bàbá àgbà ni Agathe ń pè é.

Nígbà tí wọ́n dé orí bí a ṣe ń ròyìn ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, Lábọ̀dé ṣàlàyé pé Gẹ̀ẹ́sì máa ń fẹ́ mọ ohun tí ẹnu ṣe gan-an. Ṣé ó ṣèlérí ni, àbí ó sẹ́, àbí ó gbani nímọ̀ràn? Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tí í tẹ̀ lé e. Ìlérí ń fa iṣẹ́ tí a ó ṣe lọ́wọ́. Sísẹ́ ń fa èyí tí a ti ṣe. Ìmọ̀ràn kò lè dá rìn, àfi kó kọ́kọ́ dárúkọ ẹni tí a gbà nímọ̀ràn. Agathe ní wàhálà Gẹ̀ẹ́sì pọ̀. "Ó ní" kan ṣoṣo ló ń ru gbogbo ẹrù ní Nàgó, èdè tiwọn.

Kí àgbàdo tó gbó, ìfẹ́ wọn ti gbó. Ọkọ ìyàwó kì í fi ẹnu ara rẹ̀ tọrọ, nítorí náà Ìyá Thérèse ni alárinà. Ohun kan ni bàbá Agathe béèrè: ẹsẹ̀ ń dun ìyá ọmọ náà, Agathe ló sì ń tọ́jú rẹ̀, ṣé Lábọ̀dé kò ní gbé e kúrò ní Kétu? Alárinà lọ, ó bọ̀, ó ní Lábọ̀dé búra. Bàbá gbà kí Lábọ̀dé kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá ro oko àna, bí ọkọ ìyàwó ti í ṣe.

Kò pẹ́ tí ìjọba fi gbé iṣẹ́ Lábọ̀dé lọ sí Nàtìtìngú, ní òkè àríwá lọ́hùn-ún. Bàbá ní kí ẹnikẹ́ni má fi ọkọ́ kan oko òun mọ́. Òun kì í fi ọmọ fún òpùrọ́.

Agathe kò sunkún. Ó pe alárinà wá síwájú bàbá rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀.

"Ìyá mi, ẹ má bínú. Ṣé ó búra, àbí ó ní òun fẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Ìyá Thérèse tún gèlè rẹ̀ wé. Ó ní Lábọ̀dé ní ó wu òun kí òun dúró, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìjọba ni iṣẹ́ òun wà. Ó ní ta ni í gbé ọ̀rọ̀ lọ ilé àna láìfi oyin sí i? Ìgbà tí òun náà ṣe alárinà fún bàbá yìí, oko mẹ́ta lòun sọ pé ó ní.

"Ẹyọ kan ni mo bá," ni ìyá Agathe wí láti inú yàrá.

Bàbá fẹ́ bínú, ẹ̀rín kò jẹ́. Ó ní kí Lábọ̀dé wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Lábọ̀dé dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, n kò lè ṣèlérí ibi tí wọn yóò rán mi. Mo ṣèlérí pé ọ̀dọ̀ yín la ó ti máa lo gbogbo ìsinmi."

"Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, ojú mi ò fọ́," ni ìyá wí. "Mo rí ohun tó wà lójú ọmọ mi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin yóò wá bá mi gbé. Ẹ jẹ́ kí ó lọ."

Bàbá yíjú sí Lábọ̀dé. "Koríko ti kún oko mi," ni ó wí. "Lọ kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ wá."

Lọ́jọ́ tí wọ́n ro oko náà, Agathe gbé gàrí àti omi tútù lọ bá wọn. Ìyẹ̀fun gàrí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, irun Lábọ̀dé ló nù ún sí.

"Bàbá àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ẹ lọ di ẹrù yín, ìyá àgbà. Ọ̀nà Nàtìtìngú jìn."