Oríkì Inú Sáfà

Ọ̀gá ilé-ìwé wọ ilé ìwòsàn láàárọ̀, kò kí ẹnì kankan, ó sì na fóònù rẹ̀ sí Nọ́ọ̀sì Àgbà lójú bí ẹni fẹ́ fi gbá a létí.

"Ẹ ka ohun tó wà níbẹ̀."

Nọ́ọ̀sì Àgbà kà á. Àìsàn ìkọ̀kọ̀ tí ọkùnrin náà kọ ránṣẹ́ sí Dókítà lórí ìkànnì ilé ìwòsàn ni, èyí tí ìyàwó rẹ̀ gan-an ò gbọ́ rí. Lábẹ́ rẹ̀, ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Ẹyẹ Òkùnkùn kọ ọ́ pé: "Wá nǹkan dí mi lẹ́nu. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn àna rẹ á gbọ́."

"Ta ló ń ka lẹ́tà wa níbí?"

"Èmi ni, sà."

"Ó tán."

Kò tíì tán. Kó tó di ọ̀sán, aránṣọ kan dé tẹkúntẹkún, ìyàwó tuntun kan dé tèpètèpè. Ẹyẹ Òkùnkùn kan náà ló kọ̀wé sí gbogbo wọn. Dókítà pe Nọ́ọ̀sì Àgbà sí yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Bàbá Dókítà ló gba obìnrin yìí síṣẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n bí Dókítà fúnra rẹ̀ sí.

"Mọ̀mí, èmi gbà yín gbọ́. Àwọn tó jókòó síta ni ò gbà. Bí a ò bá rí olè yìí lọ́sẹ̀ yìí, ẹ máa ní láti lọ sílé."

"Ilé ò bà mí lẹ́rù, ọmọ mi. Kí n gbé orúkọ olè délé ló ń bà mí lẹ́rù."

Wọ́n ránṣẹ́ pe amòye. Ìjìnlẹ̀ ni wọ́n ń pe amòye náà, òun ló sì gbé ìkànnì ọ̀hún kalẹ̀. Àràbà ni nídìí ẹ̀rọ. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi ń sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni tó bi í. Ó wọ dígí dúdú nínú yàrá tí oòrùn ò dé. Ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, ó mi orí bíi dókítà tó fẹ́ túfọ̀.

"Sáfà yín mọ́ bí omi àfòwúrọ̀pọn," ó ní. Sáfà ni ẹ̀rọ ọ̀nà jíjìn tó gbé ìkànnì náà dání, tó ń gba lẹ́tà aláìsàn, tó sì ń fi í jíṣẹ́. "Ẹ̀rọ kì í ṣòfófó. Èèyàn ló ń ṣòfófó." Ó wo Nọ́ọ̀sì Àgbà. "Pàápàá àwọn tó ń tẹ gbogbo lẹ́tà sórí bébà bí ìgbà ayé Nóà."

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí ọlọ́pàá rán wá kì í pariwo.

"Mọ̀mí, ṣé ẹ̀yin lẹ tú àṣírí wọn?"

"Bó bá jẹ́ pé mo ń tú àṣírí, ọ̀gá, ti bàbá yín tí mo gún lábẹ́rẹ́ ni ǹ bá fi bẹ̀rẹ̀."

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wúkọ́. Ó yíjú sí Ìjìnlẹ̀. "Lọ́la, amòye tiwa máa wá wo sáfà yẹn."

"Kò sí wàhálà," ni Ìjìnlẹ̀ wí. Bẹ́ẹ̀ ni ìdí rẹ̀ ò sì balẹ̀ lórí àga mọ́.

Òun ni Ẹyẹ Òkùnkùn. Nínú purogíráámù tó ń gba lẹ́tà, ó ti fi àṣẹ kan pa mọ́ pé kí ẹ̀dà gbogbo ọ̀rọ̀ máa fò lọ bá òun. Olè tó gbọ́n ìbá pa á rẹ́ kó sì sinmi. Ṣùgbọ́n ojúkòkòrò kì í gbààwẹ̀. Ó sáré kó purogíráámù náà lọ sórí sáfà tuntun kí jíjẹ má bàa dáwọ́ dúró, ó wá fọ ti àtijọ́ mọ́ de ọlọ́pàá.

Nínú sáré yẹn ló gbàgbé ohun kan. Ìwé méjì ló wà lọ́wọ́ sáfà: èyí tó máa gbé fún àlejò tó bá ṣí ìkànnì kà, àti purogíráámù, tí òun fúnra rẹ̀ máa ṣe bó ti wí, tí àlejò ò gbọdọ̀ rí. Ẹni tó gbé sáfà kalẹ̀ ló gbọ́dọ̀ sọ fún un èwo lèwo. Àràbà ò sọ. Sáfà tuntun, ọmọlúàbí, wá gbé gbogbo rẹ̀ fún àlejò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Nọ́ọ̀sì Àgbà tẹ bọ́tìnì ìfìwéránṣẹ́ láti fi dán ìkànnì wò. Dípò "Ẹ ṣeun, a ti gbọ́," àwọn àṣẹ ẹ̀rọ ló kún ojú kọ̀ǹpútà. Kò yé e. Àdírẹ́sì Ẹyẹ Òkùnkùn tó wà láàárín rẹ̀ yé e. Àwọn tó ń kọ purogíráámù a máa fi ìlà kan síbẹ̀ tí ẹ̀rọ kì í kà, tó jẹ́ ti ojú èèyàn. Ìjìnlẹ̀ ti fi tirẹ̀ ki ara rẹ̀ lókè téńté:

*Awọlé-má-kanlẹ̀kùn,*
*Ajókòó-sílé-gbọ́-ti-ìyẹ̀wù,*
*Àjànàkú tí í mi ìkànnì kìjikìji,*
*Ọlọ́gbọ́n ń sùn, ọgbọ́n tèmi ń jẹko kiri.*

Nọ́ọ̀sì Àgbà tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, bí ìgbà ayé Nóà.

Nígbà tí Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ fi dé, Ìjìnlẹ̀ ti fura, ó ti tún un ṣe. Ojú kọ̀ǹpútà ń dán, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ayé.

"Orúkọ rẹ̀ ò sí lórí bébà yìí, Mọ̀mí. Á ní ẹ̀yin lẹ kọ ọ́."

Nọ́ọ̀sì Àgbà gbàdúrà díẹ̀ sínú. Ilé àwọn akéwì ni wọ́n ti tọ́ ọ, ó sì mọ̀ pé orí tí a bá kì, wíwú ló ń wú. "Ẹ jókòó sáàárín àwọn aláìsàn," ó ní, "kí ẹ máa wúkọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń wú u lánàá."

Ìjìnlẹ̀ wọlé pẹ̀lú dígí dúdú rẹ̀, ó wá pàdé amòye ọlọ́pàá. Nọ́ọ̀sì Àgbà kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Awọlé-má-kanlẹ̀kùn."

Ẹsẹ̀ ọkùnrin náà dúró. Àyà rẹ̀ yọ síta díẹ̀.

"Ajókòó-sílé-gbọ́-ti-ìyẹ̀wù. Àjànàkú tí í mi ìkànnì kìjikìji..." Ó họ orí. "Ẹ má bínú, ọ̀gá, arúgbó ti gbàgbé èyí tó kù."

Ta ni wọ́n máa kì dé ìdajì tí ò ní parí ẹ̀?

"Ọlọ́gbọ́n ń sùn," ni Ìjìnlẹ̀ wí, ojú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, "ọgbọ́n tèmi ń jẹko kiri."

Ikọ́ dáwọ́ dúró nínú yàrá. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ dìde, ó na bébà. "Ó kù díẹ̀ kó jẹko dé àgọ́ ọlọ́pàá."

Ìjìnlẹ̀ fò fẹ̀rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Ó ti ilẹ̀kùn, kò ṣí. Ó fi èjìká gbá a, kò ṣí.

"Awọlé-má-kanlẹ̀kùn," ni aránṣọ wí láti orí ìjókòó rẹ̀, "fífà ni wọ́n ń fà á."

Ní àgọ́, ọ̀rọ̀ ò gùn.

"Ẹ̀dà lẹ́tà wọn dà?"

"Ilé mi ni."

"Ta lẹ jọ ṣe é?"

"Èmi nìkan ni."

"Àjànàkú kì í kúkú rìn ní méjì."

Wọ́n pa gbogbo ẹ̀dà náà rẹ́ níṣojú àwọn tó ni ín. Ìyàwó tuntun gba èpè rẹ̀ padà, ó darí rẹ̀ síbi tó yẹ. Ọ̀gá ilé-ìwé padà wá, ó rọra kan ilẹ̀kùn yàrá abẹ́rẹ́, ó yọ fìlà.

"Mọ̀mí, ẹ forí jì mí. Mo pè yín lólè."

Nọ́ọ̀sì Àgbà ń fa oògùn sínú abẹ́rẹ́. Kò wẹ̀yìn.

"Ọlọ́run ti forí jì yín. Ẹ yíjú sí ògiri."