Awọ Tí Kò Tíì Gbó

Ọ̀rẹ́ mi, bí o bá fẹ́ jẹun, jẹ ẹ́ tán kí o tó ka ìwé yìí, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ń rí èmi tí mo kọ ọ́ lára.

Ọkùnrin kan wà tó ń ṣiṣẹ́ awọ lẹ́yìn ilé ìpẹran. Ibẹ̀ ń rùn débi pé eṣinṣin nìkan ló ń fi inú dídùn débẹ̀. Inú kòtò omi ẹfun ló ń rẹ awọ sí kí irun lè ṣí kúrò lára rẹ̀. Àtàǹpàkò ni wọ́n ń pè é, torí pé àtàǹpàkò ló fi ń tẹ awọ, tí á fà á wò, tí á sì sọ bóyá ó gbó tàbí kò gbó. Kì í ṣì í.

Awọ ọmọ màlúù tí wọn ò tíì bí ló fi ń ṣe awọ kan tí wọ́n ń pè ní fọ́ńté. Ó rọ̀ múlọ́múlọ́, àwọn olówó sì fẹ́ràn rẹ̀ fún báàgì. Ó ti bá àwọn alápatà sọ ọ́ pé bí wọ́n bá pa abo tó lóyún, kí wọ́n gbé ọmọ inú rẹ̀ fún òun. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣa àwọn abo tó lóyún fún pípa. Bí oyún bá ti dàgbà, awọ ọmọ náà á lè fara da omi ẹfun. Bí kò bá tíì dàgbà, á yọ́ di kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Á ní, "Kò tíì gbó," á gbọ̀n ọ́n dà sí gọ́tà, á sì máa súfèé lọ.

Ìkejì rẹ̀ níbi iṣẹ́, onígbàgbọ́ kan tó ń fá irun awọ, kò lè gbé e mì. "Ẹ̀gbọ́n, Ẹni tó ń ṣe nǹkan yìí ò tíì ṣe é tán tẹ́ ẹ fi ń já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run."

"Lọ wàásù fún màlúù," ni Àtàǹpàkò wí. "Àwọn ló ń kú."

Lọ́jọ́ kan, wọ́n wá pè é pé ìyàwó rẹ̀ ti bímọ, oṣù ọmọ ò sì tíì pé. Ó sáré láti ibi iṣẹ́ dé ilé ìwòsàn. Ọmọbìnrin ni. Ó wà nínú àpótí gíláàsì tó ń móoru, ó pupa, ara rẹ̀ ń dán, gbogbo iṣan rẹ̀ hàn gbangba. Nọ́ọ̀sì ní kó fọ ọwọ́, kó wá rọra fọwọ́ kan ọmọ rẹ̀.

Ó fọ ọwọ́, ó tì í bọ inú àpótí. Kó tó mọ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ ti tẹ itan ọmọ náà, ó sì ti fà á. Ẹnu rẹ̀ náà sọ ọ́ jáde: "Kò tíì gbó."

Awọ náà bó. Omi ń sun níbẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀, tó mọ ohun tó ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ yẹn níbi iṣẹ́ rẹ̀, ń wò ó láti orí bẹ́ẹ̀dì. "Bàbá ọmọ mi, ṣé ẹ fẹ́ dà á sí gọ́tà ni?"

Nọ́ọ̀sì lé e jáde. "Inú oyún ni okùn tín-ín-tín tó ń mú kí awọ yi ti ń hun mọ́ra wọn," ó ní. "Oṣù tó kẹ́yìn ni awọ ń nípọn, tí òde rẹ̀ ń le. Ti ọmọ yín ò tíì débẹ̀, àwa ò sì lè bá a hun ún. Kí àrùn má gba ojú ibi tẹ́ ẹ ya yẹn wọlé la máa bẹ Ọlọ́run fún báyìí."

Àtàǹpàkò bì sẹ́yìn ilé ìwòsàn. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó sì kórìíra rẹ̀. Ó fi yanrìn ha á, òórùn ẹfun ò lọ. Ibẹ̀ ni ìkejì rẹ̀ níbi iṣẹ́, tó wá kí wọn, ti bá a.

"Ọwọ́ yìí ti rùn jù," ni Àtàǹpàkò wí. "Ọlọ́run wo ló máa gbà á?"

"Ẹ̀gbọ́n, ó rùn lóòótọ́, mi ò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n inú obìnrin ni wọ́n ti hun awọ Jésù náà, bíi ti ọmọ yín. Ó gbó, ó pé, ó wá jẹ́ kí wọ́n fi ìṣó gún un lọ́wọ́ nítorí irú ọwọ́ tẹ́ ẹ gbé dání yẹn."

Ọkùnrin náà kúnlẹ̀ sínú èébì ara rẹ̀. Ó sunkún, ó jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fi ara rẹ̀ fún Jésù.

Ọmọ náà yè. Díẹ̀díẹ̀ ni awọ rẹ̀ gbẹ, tó sì nípọn. Bàbá rẹ̀ ò gba ọmọ inú màlúù lọ́wọ́ alápatà mọ́. Òun ló ń wẹ ọmọ rẹ̀, bó bá sì dé ibi àpá tó wà ní itan rẹ̀, á fi àtẹ́lẹwọ́ rọra da omi sí i.

Ìwọ tí ò ń kà á, láti ìbẹ̀rẹ̀ lo ti fọwọ́ dí imú sí ọkùnrin yìí. Mo mọ̀. Ọwọ́ tìrẹ ńkọ́? Irọ́ tí o fi ba orúkọ ẹlòmíràn jẹ́ ńkọ́? Ìyàwó oníyàwó tí ò ń yọ́ lọ bá ńkọ́? Ọṣẹ olóòórùn dídùn ò lè bò ó lójú Ẹni tó hun awọ rẹ kí ìyá rẹ tó mọ ojú rẹ. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ ń rí Ọlọ́run lára, ṣùgbọ́n ìwọ fúnra rẹ kò rí i lára.

Má dúró di ìgbà tí ìwọ náà á fa ohun tí o fẹ́ràn ya. Kúnlẹ̀ lónìí, níbi tí o wà gan-an, bó ti wù kó dọ̀tí tó. Na ọwọ́ náà sí Jésù bó ṣe ń rùn. Àpá wà lára ọwọ́ tí yóò fi gbà á.