Ìlà Funfun Tí Kò Gbélé

Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó lọ wo ojú títì náà fúnra rẹ̀. Ọ̀dà kì í purọ́. Ipasẹ̀ bàtà Ẹnjiníà wà lára rẹ̀ títí di òní, ọ̀tún àti òsì, ẹnikẹ́ni tó bá sì fẹ́ lè fi ẹsẹ̀ tirẹ̀ wọ̀n ọ́n.

Baba Ọ̀dà ni wọ́n ń pe ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kíkun ìlà funfun sójú títì, èyí tí àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn àtàwọn oníkẹ̀kẹ́ ń gbà sọdá kí ọkọ̀ má baà gbá wọn. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń ṣe é, ìlà rẹ̀ kì í sì í wọ́. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, àfi tí ẹnì kan bá tẹ ọ̀dà tútù rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ọ́fíìsì tó ń bá ṣiṣẹ́ fẹ́ fa ìlà tuntun sí títì ńlá kan, Ẹnjiníà ló sì ya àwòrán rẹ̀. Ẹnjiníà yìí mọ̀wé. Bí òjò bá ń rọ̀, yóò kọ́kọ́ wo ìwé kó tó ṣí agbòjò. Nínú àwòrán rẹ̀, ìlà náà bọ́ síwájú ògiri gígùn kan tí kò nílẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó ń sọdá níbẹ̀, torí kò síbi tí wọ́n fẹ́ lọ. Iwájú ilé ìwòsàn kékeré kan, ọgọ́fà ìṣísẹ̀ sísàlẹ̀, ni gbogbo ayé ti ń sọdá. Arúgbó, aboyún, oníkẹ̀kẹ́, wọ́n á dúró, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á wá sáré.

Nọ́ọ̀sì kan wà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gun kẹ̀kẹ́ kiri, tó sì ń jà fún àwọn ẹlẹ́sẹ̀ àtàwọn oníkẹ̀kẹ́ bíi tirẹ̀. Ó ti sọ ọ́ ní ìpàdé mẹ́ta pé ibi tí ẹsẹ̀ ń gbà ni ọ̀nà. Baba Ọ̀dà náà sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹnjiníà ní kó gbájú mọ́ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀.

Ó gbájú mọ́ ọn. Ó kun ìlà náà síwájú ògiri lọ́jọ́ Ajé. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìlà náà wà níwájú ilé ìwòsàn.

Kì í ṣe pé ẹnì kan kun òmíràn o. Iwájú ògiri mọ́ kedere, kò sí ọ̀dà kankan níbẹ̀. Ewé kékeré tí atẹ́gùn sì gbé lẹ̀ mọ́ ìlà kẹta lánàá, òun náà nìyẹn lára ìlà kẹta, níwájú ilé ìwòsàn. Ara Baba Ọ̀dà bù máṣọ.

Ẹnjiníà kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ewé. Ó kọ ìwé ìkìlọ̀ fún un, ó ní kó họ ọ́ kúrò, kó tún un kùn síbi tí àwòrán wí. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, ìlà ti tún lọ, ìwé ìkìlọ̀ kejì sì dé. Gbogbo òṣìṣẹ́ ló mọ̀ pé ẹni tó bá gba ìkẹta, ilé yá nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀ bi í bóyá ó ti ń mutí. Ó ní òun kò fẹnu kàn án. Ìyàwó ní kó kúkú bẹ̀rẹ̀, kí àwọn lè rí nǹkan wí fáwọn èèyàn. Ẹ̀rù ba Baba Ọ̀dà gidigidi. Ọmọ mẹ́ta ló bí, iṣẹ́ kan ló mọ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó kùn ún lẹ́ẹ̀kẹta. Wọ́n dí títì kí ọ̀dà lè gbẹ, Ẹnjiníà fúnra rẹ̀ sì wá ṣọ́ ọ, ó lóun máa mú ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ibi náà. Ó so ẹnu téèpù ìwọnlẹ̀ mọ́ òpó iná lẹ́bàá ògiri, ó di ìdí rẹ̀ mú, ó sì lọ dúró sórí ìlà àkọ́kọ́ láìbìkítà fún ọ̀dà tútù. Baba Ọ̀dà gbé ìbínú rẹ̀ mì. Òun dúró ti òpó. Nọ́ọ̀sì wà lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó fẹsẹ̀ kan tilẹ̀.

Ọ̀sán gangan ni. Lójijì, gbogbo ìró dákẹ́. Ọkọ̀ ọ̀nà kejì dákẹ́. Ẹyẹ dákẹ́. Ikùn Ẹnjiníà tó ti ń kùn láti àárọ̀, òun náà dákẹ́.

Ìgbà náà ni Baba Ọ̀dà gbọ́ ọ. Ìró kékeré, bí ẹni rọra ń wọ́ ẹní nílẹ̀.

Téèpù bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ṣàà. Ṣàà. Baba Ọ̀dà gbójú sókè. Ẹnjiníà kò gbẹ́sẹ̀. Ó dúró ṣánṣán, ó gbé àgbọ̀n sókè bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò. Ṣùgbọ́n ó ń kéré sí i. Ó ń lọ.

Baba Ọ̀dà juwọ́ sí i. Nọ́ọ̀sì tẹ aago kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Aago náà kò dún.

Nígbà tí ìró yẹn dúró, Ẹnjiníà wà níwájú ilé ìwòsàn. Ó yíjú, ó rí wọn lọ́ọ̀ọ́kán, inú bí i, ó sì kígbe sí wọn.

"Kí lẹ̀yin méjèèjì ń sá sẹ́yìn fún?"

"A ò sá, sà," Baba Ọ̀dà kígbe padà. "Ibi tá a wà la wà."

"Èmi náà, ibi tí mo wà ni mo wà."

"Ẹ wo téèpù yín, sà."

Ó wò ó. Ó wò ó pẹ́. Ìyá arúgbó kan jáde látinú ilé ìwòsàn, ó fi ọ̀pá tẹ ìlà náà wò, ó sì rọra sọdá láìsáré.

"Ẹ kúuṣẹ́ o, ọmọ mi," ló wí fún Ẹnjiníà. "Ẹ ṣé tẹ́ ẹ bá wa gbé e dé."

Ìwé kẹta kò dé. Lọ́jọ́ Ajé, Ẹnjiníà tún àwòrán yà, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé iwájú ilé ìwòsàn ni ọ́fíìsì ti fi ìlà náà sí láti ìbẹ̀rẹ̀. Baba Ọ̀dà jẹun yó lọ́jọ́ yẹn. Láti ìgbà náà, bí Ẹnjiníà bá fẹ́ kọjá níbẹ̀, ṣe ló ń fo ìlà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́.

Lẹ́yìn oṣù méjì, ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣí ní ìsàlẹ̀ títì, níwájú díẹ̀ sí ilé ìwòsàn. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Baba Ọ̀dà wọn ìlà náà láàárọ̀. Ó ti fi ìṣísẹ̀ mẹ́ta kúrò níbi tó wà, ó kọrí sọ́nà ilé-ẹ̀kọ́. Ó ro ti ìyá arúgbó ọjọ́sí, pé bí ìlà bá lọ, kò ní ríbi sọdá mọ́. Ó sáré lọ sọ fún Ẹnjiníà.

Ẹnjiníà kò gbórí sókè. "Lọ kun òmíràn síwájú ilé-ẹ̀kọ́. Lónìí."

"Ẹ ò tíì ya àwòrán rẹ̀, sà."

"Mo ní kó o lọ."

Baba Ọ̀dà gbé garawa lọ. Ó kúnlẹ̀ níwájú ilé-ẹ̀kọ́, ó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà. Títì dákẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀, láti ọ̀nà ilé ìwòsàn, ó gbọ́ ẹni tó rọra ń wọ́ ẹní.

"Jọ̀ọ́, dúró síbẹ̀ fún wọn," ó wí láìwẹ̀yìn. "Mo ti ń kun tibí."

Ìró náà dúró. Ó fa ìlà àkọ́kọ́, ìyẹn ni ìlà kan ṣoṣo tó wọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ rí.